Ibo lẹ ti ń sọ píìnì fún Zephyr?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ifẹ̀ níbí tẹ́ ẹ̀ ń fi ESP32 ṣe projẹ́ẹ̀tì àṣekágbá, tẹ́ ẹ bá ti kúrò lórí Arduino bọ́ sórí Zephyr, ìyẹn OS kékeré fún bọ́ọ̀dù bí irú ESP32, ẹ má wá pinMode, àṣẹ tí Arduino fi ń yan iṣẹ́ píìnì, kiri inú main.c mọ́. Inú devicetree ni wọ́n ti ń sọ píìnì, ìyẹn fáìlì tó ń júwe bọ́ọ̀dù, pé nǹkan báyìí wà lórí píìnì báyìí.

Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ti ní fáìlì .dts tiẹ̀ nínú fódà boards ti Zephyr, òmíì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí orúkọ ẹ̀ parí sí -pinctrl.dtsi, ibẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà píìnì wà. Ẹ ṣí i, ẹ kà á, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kàn án o! Tẹ́ ẹ bá yí i níbẹ̀, kọ̀ǹpútà tiyín nìkan ló mọ̀, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣe projẹ́ẹ̀tì tó ń gbé Mọdákẹ́kẹ́ á gba kóòdù yín, sẹ́ńsọ̀ ò ní dáhùn, ẹ ó wá máa bára yín jà lórí WhatsApp.

Inú fódà projẹ́ẹ̀tì yín ni kẹ́ ẹ ṣe app.overlay sí, ìyẹn fáìlì tẹ́ ẹ máa fi tún devicetree bọ́ọ̀dù ṣe láìfọwọ́ kan fáìlì ti Zephyr. Ká ní ẹ fẹ́ gbé SDA àti SCL, wáyà méjì tí I2C fi ń bá sẹ́ńsọ̀ sọ̀rọ̀, kúrò ní píìnì 21 àti 22 lọ sí 25 àti 26:

&pinctrl {
  i2c_tiwa: i2c_tiwa {
    group1 {
      pinmux = <I2C0_SDA_GPIO25>, <I2C0_SCL_GPIO26>;
      bias-pull-up;
      drive-open-drain;
      output-high;
    };
  };
};
&i2c0 {
  status = "okay";
  pinctrl-0 = <&i2c_tiwa>;
  pinctrl-names = "default";
};

Ẹ má gbàgbé "okay" yẹn, tí kò bá sí níbí tàbí nínú .dts bọ́ọ̀dù, Zephyr ò ní ka i2c0 sí rárá. CONFIG_I2C=y ń lọ sínú prj.conf, fáìlì tẹ́ ẹ ti ń yan ohun tí projẹ́ẹ̀tì yín máa lò, ṣùgbọ́n dráífà nìyẹn ń pè wọlé, kò kan píìnì.

Kì í ṣe gbogbo píìnì lẹ lè mú ṣá. 6 dé 11, flash, ibi tí kóòdù ń gbé, ti gbà wọ́n. 34 dé 39, wọ́n ń gba iná wọlé ni, wọn ò lè gbé e jáde, torí náà I2C ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. 12 náà lágídí, tí nǹkan bá fà á sókè nígbà tí bọ́ọ̀dù ń tan, ó lè má tan.

Ó yá, ẹ tẹ àṣẹ west build -p always (west ni irinṣẹ́ tí Zephyr fi ń kọ́ projẹ́ẹ̀tì), ó ń kọ́ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, ó sì máa ń pẹ́, ẹ yáa ṣe é kí NEPA tó mú iná. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí build/zephyr/zephyr.dts, ohun tí Zephyr gbà gbọ́ gan-an ló wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá rí i2c_tiwa, a jẹ́ pé kò ka overlay yín nìyẹn, ẹ lọ wo fódà boards inú projẹ́ẹ̀tì yín, tí overlay tó ń jẹ́ orúkọ bọ́ọ̀dù bá ti wà níbẹ̀, ìyẹn ló máa kà, kò ní wo app.overlay.