Bí ẹ ó ṣe ka nọ́ńbà ikú jẹjẹrẹ àwọn àgbà láìjẹ́ kó já yín láyà

"Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ní jẹjẹrẹ ń pa àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà báyìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣé òótọ́ ni?"

Dádì Houston ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àbúrò màmá mi ni wọ́n, ẹni ọdún 78, akáǹtáǹtì tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp, pé lọ́dún 1991 bíi 515,000 èèyàn ni jẹjẹrẹ pa ní Amẹ́ríkà, pé nígbà tó fi máa di 2022 ó ti lé ní 600,000. Nọ́ńbà yẹn ò parọ́. Ìtumọ̀ tí ẹni náà fún un ló wọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa forúkọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn kan ní Baltimore, ọdún kọkànlá mi nídìí ẹ̀ rèé. Mo ní kí Dádì lọ mú ìwé àti bírò. Ohun tí a jọ ṣe lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń kọ síbí, kí ẹ̀yin náà lè ṣe é fúnra yín tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá dé bá yín.

Ẹ kọ́kọ́ fi iye èèyàn pín in

Mo bi wọ́n pé, "Dádì, tí ṣọ́ọ̀bù kan bá pa owó ju ti èṣí lọ, ṣé ẹ ó kàn sọ pé èrè wọn ti pọ̀ sí i?"

"Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Mo máa bi wọ́n ní iye ọjà tí wọ́n kó sílẹ̀ ná."

Ó parí. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1990, àwọn tó ti pé 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 31. Lọ́dún 2020, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 56. Àgbà sì ni jẹjẹrẹ ń pa jù. Tí àgbà bá pọ̀ tó báyẹn, òkú á pọ̀, kódà kí ewu tó wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa dín kù. Nítorí náà, iye tó kú nínú 100,000 ni kẹ́ ẹ máa bèèrè, ẹ má bèèrè iye òkú lásán.

Tí ẹ bá rí nọ́ńbà tí wọ́n pè ní age-adjusted, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi kóńgò kan náà wọn ọdún méjèèjì, kó má bàa jẹ́ pé ọdún tí àgbà pọ̀ sí ló máa dà bí ọdún burúkú. Tí a bá wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà, 215 nínú 100,000 ló kú lọ́dún 1991. Ó ti wálẹ̀ sí bíi 142 lọ́dún 2022. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló ti lọ yẹn.

Inú mi ti ń dùn, àfi bí Dádì ṣe ní, "Àmọ́ èmi kì í ṣe gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 78 ni mí."

Wọn ò jayò pa.

Ẹ lọ mú nọ́ńbà náà láti orísun rẹ̀

Ìjọba Amẹ́ríkà ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní CDC WONDER. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní kẹ́ ẹ mú páásíwọọ̀dù wá. Ẹ wá Compressed Mortality, ìyẹn àkójọ iye ikú, níbẹ̀: ọ̀kan wà fún 1979 sí 1998, òmíràn wà fún 1999 sí 2016. Ẹ tẹ "I Agree", ẹ yan Year àti Age Group níbi Group Results By, kẹ́ ẹ wá lọ síbi tí wọ́n to àìsàn sí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á rí Neoplasms, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lódindi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ náà wà nínú rẹ̀. Nínú ti àtijọ́, kóòdù àìsàn 140 dé 208 ni jẹjẹrẹ. Nínú tuntun, C00 dé C97. Tí ẹ bá ti yàn wọ́n, ẹ tẹ Send. Crude Rate, ìyẹn iye tó kú nínú 100,000, ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Tí wọn ò bá gbé age-adjusted jáde fún yín, kò ṣe nǹkan, ẹ̀yin fúnra yín ti fi ọjọ́ orí ya èèyàn sọ́tọ̀.

Dádì ò fẹ́ tẹ nǹkan kan o. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń kà á fún wọn, àwọn ń kọ ọ́. Iye tó kú nínú 100,000 nìyí, fún ọdún 1990, 2000 àti 2010:

Ẹni ọdún 65 sí 74: 872, 816, 666.
Ẹni ọdún 75 sí 84: 1,349, 1,336, 1,202.
Ẹni ọdún 85 sókè: 1,753, 1,819, 1,730.

Ẹ kọ ọdún ìbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀

Àwọn tó ń ka gíráàfù máa ń fo ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló dùn jù fún èmi. Ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ọdún. Àwọn ẹni ọdún 65 sí 74 lọ́dún 1990, láàárín 1916 sí 1925 ni wọ́n bí wọn. Ẹ máa tọ àwọn èèyàn yẹn lẹ́yìn. Lọ́dún 2000, wọ́n ti bọ́ sí ìlà kejì. Lọ́dún 2010, àwọn tó ṣẹ́ kù nínú wọn ti wà ní ìlà kẹta.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbàrà tí wọ́n kúrò ní ìlà kìíní, ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìlà kejì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀: 1,349, 1,336. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló tó já sí 1,202. Ìlà kẹta sì gòkè láti 1,753 sí 1,819 nígbà tí méjì tó kù ti ń sọ̀ kalẹ̀, kó tó wálẹ̀ sí 1,730 lọ́dún 2010.

"Wọ́n dà bí ayálégbé," ni Dádì wí, "tó ń kó láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, tí gbèsè rẹ̀ ń tẹ̀ lé e." (Ó sàn ju gbèsè NEPA lọ, tó máa ń dúró de ayálégbé tuntun.)

Sìgá ló pọ̀ jù nínú gbèsè ọ̀hún. Ọ̀dọ́ làwọn èèyàn yẹn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, sìgá sì wà nínú páálí oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún sójà Amẹ́ríkà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í wá lọ́jọ́ kejì, ó lè pẹ́ tó ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní January 1964 ni Luther Terry, olórí dókítà ìjọba wọn, gbé ìwé jáde pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn tí wọ́n bí láàárín 1936 sí 1945 ò tíì pé 30 nígbà náà, àwọn ló wà ní ìlà kìíní lọ́dún 2010 pẹ̀lú 666 yẹn. Àwọn obìnrin pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sìgá, ìdí nìyẹn tí ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tiwọn fi pẹ́ kó tó yí padà ju tọkùnrin lọ. Kì í ṣe sìgá nìkan ṣá o. Àyẹ̀wò ìfun ńlá wà níbẹ̀, ìtọ́jú tó sàn sí i náà wà níbẹ̀.

Ẹ wo ibi tí gíráàfù ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀bi tèmi ni kí n sọ. Mo ya nǹkan báyìí fún ìpàdé àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà kan, kọ̀ǹpútà sì fi 1,700 bẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ gíráàfù ẹni ọdún 85 sókè, mi ò kíyè sí i. Bí 1,753 ṣe di 1,819 wá dà bí òkè Olúmọ. Màmá kan tó jókòó níwájú ní, "Ọmọ mi, ṣé o pè wá wá dágbére ni?" Láti ọjọ́ yẹn, òdo ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo gíráàfù mi.

Ohun tí nọ́ńbà náà ò mọ̀

Tí ẹ bá ní kẹ́ ẹ wo ti aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀, ẹ ó rí i pé jẹjẹrẹ pírósítéètì ń pa ọkùnrin dúdú ní ìlọ́po méjì ti funfun. Àmọ́ inú àpótí kan náà ni wọ́n kó èmi tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Igbó pọ̀ mọ́ ẹni tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti wà níbí láti ayé ẹrú. Ẹ má fi sọ nǹkan kan nípa àwa Yorùbá. Ẹ má sì gbé e wé ti ilé. UCH Ìbàdàn ti ń forúkọ jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ikú nílé ni dókítà kankan ò kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé.

Dádì wá bi mí ní ohun tó ti wà lọ́kàn wọn látòòrọ̀. "Mo mu sìgá ní Yábàá. Ọdún 1983 ni mo jáwọ́. Ibo ni mo wà nínú ẹ̀?"

Mo ní gíráàfù ò mọ̀ wọ́n. Ẹgbàágbèje èèyàn ló mọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà ní kí gbogbo èèyàn máa ṣe àyẹ̀wò ìfun ńlá láti ọmọ ọdún 45 dé 75. Láti 76 dé 85, kí aláìsàn àti dókítà jọ sọ ọ́. Dádì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé, wọ́n fàlà sí i nídìí: bi dókítà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ya fọ́tò ojú ìwé náà, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ọdún ìbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp wọn. Ẹni tó fi ohùn ọjọ́sí ránṣẹ́ ló kọ́kọ́ fèsì. Ó kọ "Àmín o."