Àwòrán AR lórí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́: ibi tí owó mi gbà lọ

AR (augmented reality) ni kí kọ̀ǹpútà fi àwòrán kún ohun gidi tí à ń wò; tèmi ni kí pirojẹ́kítọ̀ tan òdòdó sára aṣọ tó ń mì, kí òdòdó náà máa tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ ìmọ́lẹ̀ pirojẹ́kítọ̀ gàdàgbà sára páálí rẹ̀, wọ́n kọ 1920×1080, wọ́n kọ 60 Hz (àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Iye àkókò tí àwòrán fi ń há sínú rẹ̀ kó tó jáde ni wọn ò kọ síbì kankan. Lára ògiri, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lára aṣọ tó ń mì, òun gan-an ló ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́: aṣọ ti lọ sọ́tùn-ún, òdòdó tí mo tàn sí i ṣì ń rábàbà lósì. Ẹ má torí èyí ra èyí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ o, àbùkù náà ló máa hàn kedere sí i.

Ti aṣọ kò le: òwú funfun tí kò dán. Mo fi íǹkì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ infrared mu tẹ àwọn àmì sí i, 2.5 cm láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ojú ò rí wọn. Iná infrared 850 nm ló ń tàn sí i, asẹ́ tó ń jẹ́ kí 850 nm nìkan kọjá sì wà lójú kámẹ́rà tó ń wo àwọn àmì náà, kí ìmọ́lẹ̀ pirojẹ́kítọ̀ má baà dà á láàmú. Ẹ yọ asẹ́ yìí kúrò nígbà tí ẹ bá ń fi Gray code (àwòrán ìlà dúdú àti funfun tó ń sọ òpó àti ìlà tí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá) mú pirojẹ́kítọ̀ àti kámẹ́rà bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkùnkùn lásán ni kámẹ́rà máa rí. Àwòrán 11 fún òpó 1920, 11 fún ìlà 1080. Pẹ̀lú òdìkejì wọn, ó di 44.

Ìdádúró ló dá mi lágara. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun: ẹ jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà tan róbótó kan lé àmì kan lórí, ẹ fa aṣọ náà lójijì, kí ẹ fi fóònù tó ń ya férémù 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ká a sílẹ̀. Ẹ ka férémù láti ìgbà tí aṣọ kúrò dé ìgbà tí róbótó tẹ̀ lé e. Tèmi jẹ́ 28, ìyẹn nǹkan bíi 117 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan). Aṣọ tó ń sáré ààbọ̀ mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti fi àwòrán sílẹ̀ ní nǹkan bíi 6 cm, ó ti fo àmì méjì kọjá!

Ọ̀pọ̀ ibi ló ń jí àkókò yìí. Férémù kan ṣoṣo nínú kámẹ́rà 30 fps (férémù 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ti jẹ 33 ms, síbẹ̀ díráfà rẹ̀, ètò tó ń darí rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tún ń to àwọn férémù àtijọ́ síwájú tuntun. Ẹ ní kó tọ́jú ẹyọ kan péré. Mo ní láti ra kámẹ́rà mìíràn, aláwọ̀ eérú, global shutter (tó ń ya gbogbo férémù lẹ́ẹ̀kan náà), 120 fps. Rolling shutter, tó ń yà á ní ìlà-ìlà, máa ń mú kí àmì dagun bí aṣọ bá ń lọ. Ẹ pa Vsync (èyí tó ń mú kí àwòrán dúró de ìgbà tí ojú iboju máa yí padà), ẹ sì jẹ́ kí ètò náà gba gbogbo ojú iboju fúnra rẹ̀.

Èyí tó múnú bí mi jù ni keystone, ohun tó ń tún àwòrán ṣe nígbà tí pirojẹ́kítọ̀ bá dagun. Game Mode, tó ń dín ìdádúró pirojẹ́kítọ̀ kù, kọ̀ láti ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí keystone bá wà ní títàn, ìwé pirojẹ́kítọ̀ náà kò sì sọ ọ́! Ẹ pa á, kí ẹ gbé pirojẹ́kítọ̀ dọ́gba. Ètò wa fúnra rẹ̀ ló ń tẹ àwòrán bá aṣọ, keystone kàn ń ba ìwọ̀n tí a ti ṣe jẹ́ ni. Lẹ́yìn èyí, férémù 28 di 12, ìyẹn 50 ms. Inú mi dùn sí i gan-an ni.

Ìyókù, Kalman filter, ìṣirò kan nínú ètò náà, ló bo àṣírí rẹ̀: ó ń sọ ibi tí àmì máa wà ní 30 ms sí i. Bí ẹ bá sún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán á fò kọjá nígbà tí aṣọ bá yí padà lójijì. Níbi tí aṣọ bá ti ṣẹ́po, àmì á sọnù. Mo so àwọn àmì mọ́ra bíi sípíríǹgì nínú ètò náà, kí èyí tó hàn máa fa èyí tó fara pamọ́. Àwọn ará Yunifásítì Tokyo kò nílò gbogbo wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀: DynaFlash, pirojẹ́kítọ̀ tiwọn, ń ju àwòrán 1000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdádúró rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 3 ms. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ra ti ọjà, ẹ gbé fóònù 240 fps dání lọ, kí ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á.