Bí A Ṣe Rí Orúkọ Bàbá Mama Nínú Ìwé Ọdún 1838

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ wa kejì ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nílé wa ní Bedford, ní ìlú Ọba níbí. A ti gbé oyin, iyọ̀, orógbó, ataare àti omi tútù kalẹ̀. Ìyá àgbà ará Ítálì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa wà níbẹ̀, òun tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mama. Ó jókòó ti ìyá mi, ó tọ́ oyin wò, bí wọ́n sì ṣe ń pe orúkọ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń fà mí láṣọ: "Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?" Mo ń sọ fún un. Nígbà tó di orúkọ keje, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ọmọ mi, èmi ò mọ ìtumọ̀ orúkọ bàbá tèmi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílé wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí àgbàlagbà ẹni ọdún 86 máa jẹ́ orúkọ tí kò yé e, mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Mo ṣèlérí fún un pé a ó jọ wá a, oṣù méje ló sì gbà wá. Mo ń kọ bí a ṣe ṣe é sílẹ̀ kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ má baà rìn nínú òkùnkùn bíi tèmi. Àmọ́ mi ò ní kọ orúkọ náà gan-an síbí. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò tó nǹkan, ẹni tó bá kà á yóò mọ ilé tí mò ń sọ.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ béèrè. Mama gbé agolo bísíkíìtì àtijọ́ kan wá, ó tú u sórí tábìlì: páásípọ́ọ̀tù tó fi wọ ìlú Ọba ní 1959, ìwé ìgbéyàwó, fọ́tò bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìbaaka kan. Ọkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ní 1955, ó wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíríkì tó yí Bedford ká kó wá láti gúúsù Ítálì lẹ́yìn ogun. Esposito ni orúkọ ọkọ náà, orúkọ yẹn la sì mọ Mama mọ́ ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ní Ítálì, obìnrin kì í pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì nínú ìwé ìjọba bó bá wọlé ọkọ, ìyẹn sì gbà wá lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lára gbogbo ìwé náà. Mo dà á kọ lẹ́tà sí lẹ́tà, mo sì kọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti bí bàbá náà sí i, ìlú kékeré kan lórí òkè ní agbègbè Avellino, lápá ìlà-oòrùn Napoli. Orúkọ ìlú yẹn ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ. Ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní comune, ló ń tọ́jú ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú. Ẹni tí kò bá mọ comune, kò mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Lẹ́yìn náà ni mo wo bí orúkọ náà ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Àwọn ìkànnì kan wà tó ń ya àwòrán ilẹ̀ Ítálì fún orúkọ ìdílé, ìwé nọ́ḿbà tẹlifóònù ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Mo kọ́kọ́ tẹ Rossi, kí n lè mọ bí orúkọ tó pọ̀ ṣe ń rí. Gbogbo ilẹ̀ náà ló kún. Rossi ni ẹni tí irun rẹ̀ pupa, kò sì sí ìlú tí kò ní ẹni tí irun rẹ̀ pupa, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò bára tan ló ń jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ferrari, tó ti ara iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wá. Ó dà bí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògún lọ́dọ̀ wa: Ògúnlànà àti Ògúndélé kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà nítorí pé irin ni bàbá àwọn méjèèjì ń rọ. Nígbà tí mo tẹ Esposito, ó pọ̀ lọ súà, àmọ́ Napoli àti àyíká rẹ̀ ló ti ṣù jọ jù. Ó wà lára àwọn orúkọ tó pọ̀ jù ní gbogbo Ítálì. Mo wá tẹ orúkọ bàbá Mama. Àmì díẹ̀ ló yọ, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìlú òkè yẹn, ìyókù ní Torino, níbi tí àwọn ará gúúsù lọ ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ogun.

Orúkọ tó bá ṣù jọ sójú kan báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń jẹ́ orísun rẹ̀. Ìyẹn fún mi nírètí. Ìkànnì kan fẹ́ ta àmì oyè fún mi lọ́jọ́ yẹn, ó ní ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n. Mi ò rà á. Ìdílé tí ọba fún lámì oyè ló ni ín, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ bẹ́ẹ̀. Mama fúnra rẹ̀ ní ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ nílé wọn, pé sójà Faransé kan ló wá bí wọn síbẹ̀ nígbà ogun Napoleon. Mo kọ ìtàn yẹn sílẹ̀, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo kọ lẹ́tà sí comune náà, ọmọ-ọmọ Mama bá mi tún èdè Ítálì inú rẹ̀ ṣe. Ohun tí a béèrè ni estratto dell'atto di nascita con paternità e maternità, ìyẹn àkékúrú ìwé ìbí tó dárúkọ bàbá àti ìyá. Bí o bá gbàgbé láti fi ọ̀rọ̀ bàbá àti ìyá yẹn kún un, ìwé tí wọn kò dárúkọ òbí kankan sí ni wọ́n máa fi ránṣẹ́. Oṣù kejì ni èsì dé. 1906 ni wọ́n bí bàbá Mama, a sì ti mọ orúkọ bàbá tirẹ̀.

Láti ibẹ̀, orí Portale Antenati ni mo kó lọ. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn ilé àkójọ ìwé ìjọba Ítálì ló ni ín, fọ́tò ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ ló sì kún inú rẹ̀. Ó níbi tí èèyàn ti lè tẹ orúkọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì to orúkọ inú ìwé ìlú Mama, nítorí náà ṣe ni mò ń ṣí i lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Wàá mú ilé àkójọ ìwé, tiwa ni Avellino. Wàá mú ìlú, wàá mú ọdún, wàá wá yan Nati fún ìbí, Matrimoni fún ìgbéyàwó, Morti fún ikú. Lágbègbè Napoli, ìwé ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ láti 1809, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ láti 1816 dé 1865 wà lábẹ́ àkọlé Restaurazione, ti 1866 síwájú wà lábẹ́ àkọlé Italiano. Lẹ́yìn ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n to orúkọ sí, ẹ̀yìn yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé 1874 la ti bá bàbá àgbà Mama. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá ọmọ kò lè fọwọ́ sí i nítorí pé kò mọ̀wé, akọ̀wé ló ń gbọ́ ọ lẹ́nu tó ń kọ. Mo kàn kà á kọjá nígbà yẹn. Mo wá ń wá ìgbéyàwó bàbá ọmọ yẹn láti 1873 padà sẹ́yìn, mi ò rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló yọ mí. Mo fi í wá a, ó sì jáde ní 1863. Orúkọ ọkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì yàtọ̀ sí èyí tí Mama ń jẹ́ lónìí.

Nínú ìwé wọ̀nyẹn, bí bàbá ẹnì kan bá wà láàyè, wọn á kọ "di" síwájú orúkọ bàbá náà; bó bá ti kú, wọn á kọ "fu". Gbogbo àwọn tó gbéyàwó lọ́dún yẹn ní di tàbí fu. Níwájú orúkọ tiwa, ohun tí mo bá ni di genitori ignoti: ọmọ òbí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Aago kan òru ti kọjá. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mò ń ro bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún Mama.

Àwọn ìwé tí tọkọtaya kó wá kí wọ́n tó gbà kí wọ́n fẹ́ra wọn wà lọ́tọ̀, processetti ni wọ́n ń pè é. Bí o bá rí ti ìdílé rẹ, o ti rí ìṣúra, nítorí ẹ̀dà ìwé ìbí ọkọ àti ti ìyàwó máa ń wà níbẹ̀. Ọjọ́ 14 "8bre" 1838 ni wọ́n kọ sára ẹ̀dà ìwé ìbí ọkọ tí a rí níbẹ̀. Mo ka 8 yẹn sí oṣù kẹjọ, mo sì fi alẹ́ mẹ́rin gbáko tú ìwé August palẹ̀ lórí asán. October ni. Octo ni ẹ̀jọ lédè Látìn, October sì ni oṣù kẹjọ lórí kàlẹ́ńdà Róòmù àtijọ́, ìyẹn ni àwọn akọ̀wé fi ń kọ 7bre fún September, 8bre fún October, 9bre fún November, Xbre fún December.

Ní October, ó wà níbẹ̀. Obìnrin kan tí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ pia ricevitrice, ìyẹn agbọmọ ìlú, wá síwájú olórí ìlú pẹ̀lú ọmọkùnrin jòjòló kan lọ́wọ́. Ó ní inú ruota ni òun ti bá a ní wákàtí mẹ́ta òru. Láyé ìgbà yẹn, ìgbà tí oòrùn wọ̀ ni wọ́n ti ń ka wákàtí, nítorí náà kì í ṣe aago mẹ́ta ìdájí bí kò ṣe nǹkan bí aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́. Àkísà ni wọ́n fi wé ọmọ náà, fìlà funfun wà lórí rẹ̀, okùn aṣọ pupa kan sì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ òsì. Olórí ìlú sọ ọ́ lórúkọ àti orúkọ ìdílé, wọ́n sì gbé e fún alágbàtọ́ tó lọ́mú láyà.

Mo ní láti sọ ohun tí ruota jẹ́. Àgbá onígi tó ń yí ni, inú ihò ara ògiri ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹni tí kò lè tọ́ ọmọ rẹ̀ á gbé e sínú rẹ̀ láti ìta, á yí i, á lu agogo, á lọ. Ẹni tó wà nínú ilé kò ní rí ojú rẹ̀. Èyí tó lókìkí jù wà ní ilé Annunziata ní Napoli, ní àdúgbò Forcella. Ọdún 1875 ni wọ́n tó tì í pa, ó sì ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Esposito ni wọ́n ń sọ àwọn ọmọ tó bá gba ibẹ̀ wọlé, láti ara ọ̀rọ̀ Látìn expositus, ẹni tí a gbé síta. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Napoli: ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni ògiri kan fi ń sọ àwọn ọmọ tí kò bára tan ní orúkọ kan náà. Àwọn ìlú mìíràn ní tiwọn. Ní Milan, Colombo ni, nítorí ẹyẹlé tó jẹ́ àmì ilé ìwòsàn ńlá tó ń gba ọmọ níbẹ̀. Ní Róòmù, Proietti. Ní Florence, Innocenti, láti ara ilé ọmọ aláìṣẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1445. Wọ́n ṣì tọ́jú ìlàjì owó idẹ àti ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ìyá so mọ́ ọmọ lára síbẹ̀, pé bóyá nǹkan á ṣẹnuure fún wọn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n lè mú ìlàjì kejì wá gba ọmọ wọn.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń dójú ti ọmọ títí ayé. Joachim Murat, tó jọba Napoli láti 1808 sí 1815, pàṣẹ pé kí wọ́n yé sọ ọmọ ní Esposito mọ́, kí wọ́n wá orúkọ tuntun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orúkọ tó ṣọ̀wọ́n lágbègbè yẹn ti wá. Akọ̀wé á wo ojú ọjọ́, á wo ẹni mímọ́ tí wọ́n ń rántí lọ́jọ́ náà, á wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ ní 1838, kí lẹ́tà méjì tó yí padà lẹ́nu bàbá tí kò mọ̀wé, jẹ mọ́ ìkórè èso àjàrà, October sì ni wọ́n ń ká àjàrà dúdú àgbègbè Avellino. Ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn. Ọmọ tí òjò bá pàdé lọ́nà ayé ni Béjídé, èyí tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ni Abíọ́nà. Akọ̀wé yẹn kò rí ilé kankan tí yóò wò, ó wá wo oko.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni mo gbé àwọn ojú ìwé náà lọ bá Mama. Mo ti tẹ̀ wọ́n jáde ní lẹ́tà ńlá. Mo rọra sọ pé kò sí sójà Faransé kankan, mo ṣàlàyé ruota fún un, ojú mi wà nílẹ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó gbé awò sójú, ó ka orúkọ ọdún 1838 sókè. Ó tún un kà. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ láti kékeré ni, oko àjàrà ni bàbá rẹ̀ fi gbogbo ayé ṣiṣẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo fọ́tò ọkọ rẹ̀ lára ògiri, ó ní, "Esposito, ihò kan náà ni èmi àti ìwọ ti jáde."

Ó ní kí n tún ka ibi tí okùn pupa wà fún òun. Lẹ́yìn náà ló béèrè orúkọ obìnrin tó gbé ọmọ náà nínú àgbá, kì í ṣe ti olórí ìlú. Mo kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan fún un pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Nígbà tí Máàsì àwọn òkú dé ní November, Mama mú ìwé náà lọ fún fádà ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà àwọn ará Ítálì tó wà ní Bedford níbí, èmi àti ìyàwó mi sì tẹ̀ lé e lọ. Fádà pe orúkọ agbọmọ náà tẹ̀ lé ti ọkọ Mama.