Ọ̀dọ̀ ẹran ni fáírọ́ọ̀sì yìí ti wá àbí? Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ jíìnì rotavirus wò

Rotavirus tó ń fún ọmọ wẹ́wẹ́ ní ìgbẹ́ gbuuru yẹn, màlúù ní tiẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ní tiẹ̀, ajá ní tiẹ̀, àmọ́ nígbà míì tẹran á ré kọjá sára ọmọ. Kò sì yà mí lẹ́nu o, ṣebí a mọ agboolé tí ewúrẹ́ àtọmọ ti jọ ń jẹun láwo kan náà n'Íbàdàn ńbí.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìgbẹ́ ọmọ, tí ìyá ẹ̀ bá ti gbà o. Díẹ̀ ti tó, inú ike tó mọ́ tó ní ìdérí. Ẹ kọ ọjọ́ orí ọmọ, àdúgbò, àti ẹran tó wà nílé, ibi ẹran yìí làwọn èèyàn máa ń fò tó bá wá yá wọ́n á máa wá nọ́ńbà ìyá ọmọ kiri. Tó bá ṣeé ṣe ẹ gba ìgbẹ́ ẹran ọ̀hún náà, àbí kí lẹ fẹ́ fi tọmọ wé? Kó wọ firísà kíákíá, ẹ má gbójú lé iná ìjọba.

Ẹ fi ELISA (àyẹ̀wò tó ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀) wò ó pé rotavirus ni lóòótọ́, kẹ́ ẹ tó yọ RNA ẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi kọ jíìnì ẹ̀. RNA yìí lọ́ pọ̀ méjì-méjì bí okùn, torí náà ẹ gbé e sórí iná 95 sí 97 Celsius fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó lè tú, kẹ́ ẹ sì kì í bọ yìnyín lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fo èyí, ẹ̀rọ PCR (tó ń sọ jíìnì di púpọ̀) tí ò ṣẹ̀ ló máa máa bú.

Lẹ́yìn RT-PCR (PCR tó ń kọ́kọ́ sọ RNA di DNA), ẹ ka lẹ́tà jíìnì ẹ̀, ẹ gé etí rẹ̀ tó dọ̀tí, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tí ò hàn dáadáa, ẹ wá fi BLAST (ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi jíìnì wé jíìnì) wé èyí tó wà ní GenBank, ibi tí wọ́n ń kó jíìnì jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Jíìnì VP7 ló ń sọ nọ́ńbà G ẹ̀, jíìnì VP4 ló ń sọ nọ́ńbà P. Jẹnótáìpù nìyẹn, kì í ṣe AA àti AS ti ìgbéyàwó o.

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Wọ́n rí G8, wọ́n ní màlúù! Ẹni tó dé fìlà Tápà, ṣé dandan ni kó jẹ́ ará Bídà? Ègé jíìnì 11 ni rotavirus ní, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ègé kan, nọ́ńbà ẹ̀ ló ń sọ irú tó jẹ́; G àti P kàn jẹ́ fìlà àti agbádá ni. Ẹ ka gbogbo ẹ̀. Tọmọ èèyàn tó wọ́pọ̀ jù ni G1-P[8]-I1-R1-C1-M1-A1-N1-T1-E1-H1, ìkejì ẹ̀ sì jẹ́ 2 láti I dé H. Ó pẹ́ tí G8 ti wà lára ọmọ nílẹ̀ Áfíríkà, tí ègé tó kù sì jẹ́ 2-2-2 lọ ṣáá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí I5 pẹ̀lú A8, ẹ fura sí ẹlẹ́dẹ̀.

Nọ́ńbà nìkan ò tó ṣá, torí 1 tọmọ èèyàn àti tẹlẹ́dẹ̀ mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni 2 àti ti màlúù. Ẹ fi MEGA (ètò kọ̀ǹpútà ni) ya igi ìdílé, tó ń fi ìbátan wọn hàn, fún ègé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kó tèèyàn àti tẹran sí i. Tí ègé tó pọ̀ bá lọ jókòó sáàárín tẹran, tí bootstrap ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀ka igi náà ṣe dájú tó, nínú 100) ò sì wálẹ̀ ju 70 lọ, ẹ lè sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló yà lọ, àdàlù ni: fáírọ́ọ̀sì méjì ló pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n pààrọ̀ ègé.