Ẹ̀yin dírẹ́bà tó ń lọ Amẹ́ríkà, ẹ ti Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ ìwé CDL yẹn

Tí ìwé ìrìnnà yín bá ti fẹ́ jáde, tẹ́ ẹ sì ti fọkàn sí i pé tírélà lẹ máa wà lọ́hùn-ún, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ìwé ìdánwò CDL, ìyẹn láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá wọn. Ọ̀fẹ́ nìwé ọ̀hún, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbé tiẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbé gan-an ni kẹ́ ẹ wá, kó má sì jẹ́ èyí tó ti pẹ́. Wọ́n lè bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde ní Táńkẹ̀, àmọ́ ẹ má tẹ gbogbo ẹ̀ o, ó nípọn.

Tírélà gidi, ìyẹn Class A, ìdánwò mẹ́ta lẹ máa ṣe kí wọ́n tó fún yín ní pámíìtì, ìyẹn ìwé àṣẹ tẹ́ ẹ máa fi kọ́ ọkọ̀: General Knowledge (ìmọ̀ gbogbogbò), Air Brakes (búrẹ́kì atẹ́gùn), Combination Vehicles (ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀yìn). General Knowledge sábà máa ń jẹ́ ìbéèrè 50, ẹ gbọ́dọ̀ gba 40.

Ẹni tó ti ń gbé símẹ́ńtì láti Ọbájànà gba Ọmù-Àrán wọ Ìlọrin, kí lẹ tún fẹ́ kọ́ onítọ̀hún? Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọn ò ní bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n á bi yín. Ẹ wò ó, tí ọkọ̀ bá kú lójú títì, àwa á já ewé sẹ́yìn ẹ̀, ó parí. Tiwọn, triangle mẹ́ta ni, àmì onígun mẹ́ta tó ń tàn, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10. Títì tí ọkọ̀ ń gba apá kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ á wà lẹ́yìn: ẹsẹ̀ bàtà 10, 100, 200. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójú kan náà, ọ̀kan nítòsí ọkọ̀, ọ̀kan ní 100 lẹ́yìn, ọ̀kan ní 100 níwájú.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́? Àwọn kan á ju jíà sí fírí kí dísẹ́ẹ̀lì má baà lọ. Ìwé ní kẹ́ ẹ ti wọ jíà kékeré kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa di ọkọ̀ mú. Tó bá jẹ́ 40 máìlì leré tó yẹ yín, tó bá ti kan 40 ẹ tẹ búrẹ́kì, tó bá wálẹ̀ sí 35 ẹ fi sílẹ̀, tó bá tún gun 40 ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ojú táyà iwájú gbọ́dọ̀ jìn tó 4/32 ínǹṣì, àwọn yòókù 2/32, táyà tòkunbọ̀ tí fọkanáísà máa ní "ó ṣì dáa, Alhaji", ìwé ò mọ̀ ọ́n.

Àlàfo sí ọkọ̀ iwájú, ìṣirò ni: ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ yín gùn, ìṣẹ́jú àáyá 1, tẹ́ ẹ bá sì ń sá ju 40 máìlì lọ ẹ fi 1 lé e. Tírélà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 60 tó ń sá 50, 7 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì lọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jókòó níwájú kẹ́ ẹ fi òpó iná dánra wò, kí ọkọ̀ iwájú kọjá lára òpó, kẹ́ ẹ máa kà á títí tiyín náà á fi débẹ̀. Ẹ̀rù á bà yín.

Air Brakes ló le jù, nọ́ńbà ló kún ibẹ̀, ẹni tí ò bá sì ṣe é, wọ́n á kọ ọ́ sára láísẹ́ǹsì ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ oníbúrẹ́kì atẹ́gùn, kí ló wá fẹ́ fi tírélà ṣe? Tí atẹ́gùn bá kún, tẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì, tẹ́ ẹ tú háńdì búrẹ́kì, èyí tó ń jò ò gbọdọ̀ tó 2 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn tí géèjì ń kà) ní ìṣẹ́jú kan fún ọkọ̀ tí ò fa nǹkan, kò gbọdọ̀ tó 3 fún èyí tó ń fa ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ búrẹ́kì mọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 3 lọ fún èyí tí ò fa nǹkan, kò gbọdọ̀ ju 4 lọ fún èyí tó ń fa ẹ̀yìn. Ẹ yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì onítírélà kan, ẹ ní kó fi tánkì atẹ́gùn àti géèjì ẹ̀ hàn yín, nọ́ńbà yẹn á tètè dúró lórí.

Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ fi kà á, torí òfin wọn ní dírẹ́bà gbọ́dọ̀ lè ka àmì ojú títì kó sì dá ọlọ́pàá lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdáhùn A, B, C tí wọ́n ń pín lórí WhatsApp, ẹ fi sílẹ̀ jàre.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kékeré ti ìpínlẹ̀ yẹn lẹ kọ́kọ́ máa gbà, ẹ ó sì ṣàyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí. Pámíìtì ò ní kẹ́ ẹ dá wakọ̀ o, ẹni tó ní CDL gbọ́dọ̀ jókòó tì yín, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 14 lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó ṣèdánwò wíwakọ̀. Láti February 2022, ẹni tó ń gba Class A fúngbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti gba ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí ìwé ìjọba kọjá kó tó ṣe ìdánwò wíwakọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún 18 lè gbà á, àmọ́ kò lè kó ẹrù kọjá ìpínlẹ̀ ẹ̀ títí á fi pé 21, kẹ́ ẹ bá mi sọ fáwọn àbúrò tó ń kánjú.