Bí A Ṣe Ń Ti Àgọ́ Ogúnléndé Pa Láìlé Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bá mi ní Súrùlérè nítorí iṣẹ́ ogúnléndé, ẹ má tíì dá ọjọ́ tí àgọ́ máa kógbá wọlé. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá ó fẹ́ padà sílé. Ẹ bi ọkọ lọ́tọ̀, ẹ bi ìyàwó lọ́tọ̀. Ìyàwó lè mọ ohun tí kò ní lè sọ lójú ọkọ. Àdéhùn àgbáyé ọdún 1951 kò fàyè gba dídá ogúnléndé padà síbi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Nígbà tí ìjọba Kẹ́ńyà fẹ́ ti Dadaab, àgọ́ ogúnléndé ńlá kan níbẹ̀, pa, ilé ẹjọ́ gíga wọn fagi lé e lóṣù kejì ọdún 2017.

Lẹ́yìn náà, ẹ rán aṣojú àwọn ogúnléndé tó fẹ́ padà, tọkùnrin tobìnrin, lọ wo ilé. Kí wọ́n wo kànga, ilé ìwé, àti ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ bàbá wọn báyìí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, torí ó lè dá ìjà mìíràn sílẹ̀.

Ìwé ìbí àwọn ọmọ, èsì ìdánwò, káàdì ilé ìwòsàn: ẹ kó wọn jọ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àwọn tí kò fẹ́ lọ ńkọ́? Ìyá ará Làìbéríà kan ń dirun ní Ojúẹlẹ́gbà. Èkó ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí. Lọ́dún 2007, Nàìjíríà, Làìbéríà, Sierra Leone, ECOWAS àti UNHCR (àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogúnléndé) fọwọ́ sí àdéhùn kí irú wọn lè máa gbé ìlú wa. Ẹ parí ìwé tiwọn kí ẹ tó kó ilé ìwòsàn kúrò. Ẹ má sì hú ẹ̀rọ omi. Ẹ fà á lé àwọn ará abúlé tó gbà wọ́n lálejò lọ́wọ́.