Bí Mo Ṣe Pa Sínkì Wa Lẹ́nu Mọ́

Ọjọ́ kẹta tí ìyá ọkọ mi ti Ìdànrè dé ni wọ́n bi mí pé, "Ìyá Ayọ̀, ta ló ń fi omi yọ ẹnu ní kíṣìnì yín láti àárọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí. Sínkì ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé tí a háyà ní ọ̀nà Ọ̀dà, nínú Àkúrẹ́ níbí. Tí ẹ bá da omi sí i, omi á kọ́kọ́ dúró wò yín, á wá máa lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó tán ni yóò wá ké "gbọ̀lọ̀ gbọ̀lọ̀ gbọ́ọ̀", lẹ́yìn náà ni òórùn kan á gòkè wá bíi ti gọ́tà. Ó ti mọ́ àwa lára. Àlejò ló rán wa létí pé kò yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ má ṣe é. Mo gbé omi kaná, ó hó yaya, mo sì dà á sínú sínkì lẹ́ẹ̀kan náà. Lábẹ́ sínkì, ike kan wà tó rí bí ìgò, òun ni àwọn púlọ́ḿbà ń pè ní tráàpù. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Omi híhó yẹn mú kó rọ̀, ó wọ́, rọ́bà tó wà nínú ìdè rẹ̀ yẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kó ìrẹsì sí. Omi tí ọwọ́ lè gbà ti tó fún sínkì oníke. Aládùúgbò kan ní kí n da kọ́síkì sí i, èmi sì kọ̀. Ẹni tó bá ti wo àwọn tó ń se ọṣẹ rí mọ̀ bí nǹkan yẹn ṣe ń gbóná bó bá ti kan omi. Bó bá ta síni lójú, ojú lè fọ́, mo sì ní ọmọ kékeré nílé.

Ni mo bá gbé báàfù sábẹ́ sínkì, mo fọwọ́ tú tráàpù náà. Kò gba sípánà, ọwọ́ lásán ló ń tú u.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò ṣeé fi jẹun. Epo pupa ló dì mọ́ ara ike yíká, ó ti di àwọ̀ eérú, ó nípọn tó ìka mi, ó wá ku ihò kan láàárín tí kò ju ti kóró àgbálùmọ̀ lọ. Èérún ẹ̀bà ti há sínú epo náà bí yanrìn ṣe ń há sínú sìmẹ́ǹtì. Fọ́nrán ewé ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, egungun ẹja wà níbẹ̀, àti ṣíbí kékeré Ayọ̀ tí mo ti tìtorí rẹ̀ nà án nígbà ọdún Àjíǹde. (Mo ti bẹ̀ ẹ́.) Gbogbo wa la mọ̀ pé epo a máa dì nínú ìgò lásìkò ọyẹ́, àmọ́ mi ò rò ó rí pé bó ṣe ń dì nínú ìgò náà ló ń dì nínú páìpù. Èmi tí mo ń fi omi tútù ṣan ìkòkò ẹ̀gúsí sínú sínkì lójoojúmọ́! Ní báyìí, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo fi ń nu epo kúrò lára ìkòkò kí n tó fọ̀ ọ́.

Mo ra tráàpù tuntun, torí èyí tó wọ́ yẹn kò lè padà bọ̀ sípò mọ́. Mo dè é. Mo da omi. Omi lọ wàrà, inú mi dùn, àfi bó ṣe kù díẹ̀ kó tán: "gbọ̀lọ̀ gbọ̀lọ̀ gbọ́ọ̀."

Àṣé àìsàn méjì ló wà lára sínkì kan.

Bàbá kan ló là mí lóye, níbi tí wọ́n ti ń ta páìpù nítòsí Ọjà Ọba. Mo ti rojọ́ dé ìdajì kí wọ́n tó dá mi dúró.

"Ọmọ mi, ihò mélòó lo máa ń lù sí agolo mílíìkì?"

"Méjì ni, sà."

"Kí ló dé tí kì í ṣe ẹyọ kan?"

"Ọ̀kan á máa da mílíìkì, ọ̀kan á máa gba atẹ́gùn wọlé."

"Ó dáa. Èwo ni ihò atẹ́gùn lára sínkì rẹ?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ rèé. Omi díẹ̀ máa ń dúró sínú tráàpù nígbà gbogbo, bí ínǹṣì mẹ́ta. Omi yẹn ni ìlẹ̀kùn tó ń dí òórùn àti aáyán lọ́nà. Nígbà tí omi púpọ̀ bá ya wọ páìpù lẹ́ẹ̀kan, yóò máa fa atẹ́gùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Bí páìpù kò bá rí atẹ́gùn fà níbòmíràn, inú tráàpù ni yóò ti fà á, yóò sì fa omi ìlẹ̀kùn yẹn lọ. Ariwo tí mo ń gbọ́ yẹn, atẹ́gùn ló ń la omi kọjá. Bí ìlẹ̀kùn bá sì ti lọ, òórùn dé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ariwo ló máa ń ṣáájú, òórùn á wá tẹ̀lé e. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń rí i, mi ò sì bi ara mi pé kí ló fà á.

Mo délé, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ. Páìpù sínkì yọ lára ògiri, wọ́n fi ẹ́líbò (páìpù kékeré tó tẹ̀ bí ìgúnpá) yí i wálẹ̀ sínú kòtò tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ. Èmi àti ọmọkùnrin aládùúgbò wa ṣí ọmọrí rẹ̀. Yanrìn pupa tí òjò ń gbá wá láti ojú títì ti kún inú rẹ̀, omi sì ti ga bo ẹnu páìpù mọ́lẹ̀. Kò sí atẹ́gùn lókè, kò sí nísàlẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta la kó yanrìn kún, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì fò jáde tó mú kí n ju ṣọ́bìrì nù. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àga lábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń fi èdè Ìdànrè darí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò tú tráàpù rí láyé wọn.

Ẹ́líbò yẹn ni bàbá onípáìpù ní kí n yọ, kí n fi tíì rọ́pò rẹ̀. Ẹnu mẹ́ta ni tíì ní: ọ̀kan gba omi láti kíṣìnì, ọ̀kan kọjú sí kòtò, ẹ̀kẹta kọjú sókè. Èyí tó kọjú sókè yìí ni mo ki páìpù oní-ínǹṣì méjì gígùn sí, mo gbé e kọjá fèrèsé títí dé abẹ́ òrùlé. Ẹ má gé e kúrú o. Bí kòtò bá kún lọ́jọ́ kan, ẹnu páìpù kúkúrú ni omi ìdọ̀tí yóò gbà jáde, òórùn rẹ̀ yóò sì gba fèrèsé wọlé. Mo ti pe bàbá onílé kí n tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ kò ju, "Ẹ ṣáà má fọ́ ògiri mi."

Níbi gọ́ọ̀mù ni mo ti kàgbákò. Gọ́ọ̀mù páìpù kì í dúró deni. Mo ki tíì wọlé, mo rí i pé ó wọ́ sápá òsì, mo fẹ́ yí i, ó ti gan. Mo ní láti fi ayùn gé e dànù, kí n sì padà lọ ra òmíràn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ́kọ́ kì í láìfi gọ́ọ̀mù sí i, mo tún un ṣe títí ó fi tọ́, mo fi bírò fa ìlà kan láti ara tíì dé ara páìpù, mo yọ ọ́, ìgbà yẹn ni mo wá fi gọ́ọ̀mù sí i, mo sì jẹ́ kí ìlà méjèèjì pàdé. Mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya dí ẹnu páìpù lókè, mo fi wáyà dì í, nítorí agbọ́n àti aláǹgbá. A ò lo sínkì títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Láàárọ̀, mo dí ihò sínkì, mo pọn omi kún un dé ẹnu, mo sì fa ìdérí yọ. Omi ṣe kòtò díẹ̀ láàárín, ó yí po, ó sì lọ. Mo dúró, mo tẹ́tí. Mo tún kún un, mo tún tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lálẹ́, ìyá ọkọ mi lọ fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹun. Mo gbọ́ tí wọ́n da omi nù, mo sì gbọ́ tí wọ́n dúró. Nígbà tí mo yọjú, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ àpò ìrẹsì wò.

"Ìyá Ayọ̀," wọ́n ní, "omi tí mo dà nù yìí, ibo ló gbà?"